Láti inú ìkòkò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: oúnjẹ ilé àti àrùn ọkàn ní Àríwá Karelia

Ní oṣù January ọdún 1971, gómìnà ìpínlẹ̀ Àríwá Karelia ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì, pẹ̀lú àwọn aṣòfin àti àwọn èèyàn pàtàkì ìpínlẹ̀ náà, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba wọn ní Helsinki. Wọ́n ní kí ìjọba gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn ọkàn, torí àwọn ọkùnrin wọn ti ń kú tán.

Àwọn tó ń kú yìí kò tíì dàgbà. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ẹni àádọ́ta ọdún, tó jí láàárọ̀ tó lọ fún wàrà màlúù rẹ̀, tó mú ayùn lọ sínú igbó, ni yóò ṣàdédé di àyà mú tí yóò sì ṣubú. Nínú gbogbo ọkùnrin 100,000 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 64, àrùn ọkàn ń mú nǹkan bí 690 lọ lọ́dọọdún. Fínláǹdì ló ṣíwájú gbogbo ayé nínú irú ikú yìí nígbà náà, apá ìlà-oòrùn tí Karelia wà, lẹ́bàá ààlà Rọ́ṣíà, ló sì burú jù ní Fínláǹdì fúnra rẹ̀. Gbogbo èèyàn tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà kò ju nǹkan bí 180,000 lọ, nítorí náà kò sí abúlé tí kò ní opó tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Ohun tó rú àwọn dókítà lójú ni pé àwọn ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ gẹdú ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ikùn wọn kò sì yọ síwájú. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ agbára nìkan ló ń gba ọkàn sílẹ̀, àwọn ló yẹ kí àrùn náà bẹ̀rù.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ancel Keys ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan láti 1958, tó fi ọkùnrin orílẹ̀-èdè méje wéra: Amẹ́ríkà, Fínláǹdì, Netherlands, Ítálì, Gíríìsì, Yugoslavia àti Japan. Àwọn ará ìlà-oòrùn Fínláǹdì ló gbẹ̀yìn nínú ìlera ọkàn. Àwọn ará erékùṣù Kírétè ní Gíríìsì sì wà lára àwọn tí ọkàn wọn le jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tí wọ́n ń jẹ kò kéré rárá. Òróró ólífì ni tiwọn. Ti ará Karelia, ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ bọ́tà àti mílíìkì tí wọn kò yọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, tó máa ń dì nígbà tó bá tutù, ló ń mú kí cholesterol, ohun kan tó dà bí ọ̀rá, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, cholesterol yóò máa kó jọ sára òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn títí òpó náà yóò fi há. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dì síbi híhá yẹn ni ọkàn yóò daṣẹ́ sílẹ̀.

Bọ́tà lẹ́yìn ebi

Kí a tó bá wọn wí, ó yẹ ká mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Láàárín 1939 sí 1944, Fínláǹdì bá Soviet Union ja ogun lẹ́ẹ̀mejì, apá kan nínú ilẹ̀ Karelia sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìjọba wá pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó padà bọ̀ àti fún àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé bàbá wọn. Ilẹ̀ náà kéré, igbó ló pọ̀ nínú rẹ̀, òtútù ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ irúgbìn ṣe dáadáa. Màlúù ló rọrùn láti sìn. Mílíìkì ni wọ́n ń tà láti fi rówó, òun náà ni wọ́n ń mu ti oúnjẹ bí àwa ṣe ń mu omi. Nígbà tí ara wá tù wọ́n díẹ̀, bọ́tà tó nípọn lórí búrẹ́dì di àmì pé ìyà ti tán. Àwọn ìyá wa tó gbà pé ọbẹ̀ tí epo kò léfòó lójú rẹ̀ kò ṣeé gbé fún àlejò kò ní í ṣòro fún láti lóye ará Karelia.

Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní 1972, nǹkan bí èèyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní bọ́tà lòun ń fi sórí búrẹ́dì. Ẹni tó ń fi òróró dáná ṣọ̀wọ́n gan-an. Ewébẹ̀ kò gbayì rárá, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kà á sí. Iyọ̀ pọ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja àti ẹran láti ayébáyé kí òtútù tó dé. Kọfí tí wọ́n ń mu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣe ni wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ láìsẹ́, ìwádìí sì ti fi hàn lẹ́yìn náà pé irú kọfí bẹ́ẹ̀ ń gbé cholesterol sókè. Ju ìdajì àwọn ọkùnrin lọ ló tún ń mu sìgá. Cholesterol àwọn ọkùnrin náà jẹ́ 6.9 ní ìpíndọ́gba lórí òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ti fẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀ 5.

Dókítà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 27

Ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló bí iṣẹ́ ńlá kan láti gbógun ti àrùn ọkàn ní ìpínlẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀ ní 1972 ni Pekka Puska. Ọ̀dọ́mọdé dókítà ni, ó sì ti ka ìmọ̀ ìṣèlú àti àwùjọ mọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Mo rò pé ìmọ̀ ìṣèlú àti àwùjọ yẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù. Dókítà tó bá mọ ìṣègùn nìkan yóò ti kó àwọn aláìsàn jọ, yóò pín oògùn fún wọn, yóò sì kìlọ̀ fún wọn. Puska wo iye èèyàn tó wà nínú ewu, ó rí i pé gbogbo ìlú ni. Kò sí ilé ìwòsàn tó lè gba gbogbo ìlú. Ó wá ní àwọn yóò yí ìgbé ayé ìpínlẹ̀ náà padà látòkèdélẹ̀, àwọn yóò sì máa fi wé Kuopio, ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí, níbi tí wọn kò ti ní ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Wọ́n lo ìwé ìròyìn, rédíò, ìpàdé ní ilé ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí tiwọn ga. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n èèyàn lè mọ̀ pé bọ́tà kò dára kó sì lọ jẹ bọ́tà. Ọkùnrin tó ti inú òtútù wọlé lálẹ́ kò ní í béèrè ìwé ìléwọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, oúnjẹ ni yóò béèrè. Ta ló ń se oúnjẹ náà?

Ẹgbẹ́ Martha

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà ní Fínláǹdì tó ń jẹ́ Martha. Láti 1899 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni ìtọ́jú ilé: bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná. Wọ́n wà káàkiri àwọn abúlé Karelia. Àwọn obìnrin tí àrùn yìí ń sọ di opó wà lára wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà le.

Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni àpèjẹ kan tí wọ́n sọ ní ìpàdé ẹ̀mí gígùn. Wọ́n á pe gbogbo abúlé, tọkọtaya. Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ Puska á sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn Martha á sì gbé oúnjẹ wá. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ yìí, torí mi ò rí ibòmíràn nínú iṣẹ́ náà tó kọ́ mi lọ́gbọ́n tó o. Àwọn ará Karelia ní àsáró ẹran kan tí gbogbo Fínláǹdì mọ̀ wọ́n mọ́, karjalanpaisti lorúkọ rẹ̀. Ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é, nígbà míì ẹran àgùntàn á wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi, iyọ̀ àti hóró èròjà olóòórùn díẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á tì í wọnú ààrò, yóò sì wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lórí iná tí kò le títí ẹran yóò fi máa já fúnra rẹ̀. Ọ̀rá á ti yọ́ síta nígbà náà, á bo ojú ọbẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ ọdún ni, oúnjẹ ìgbéyàwó ni, oúnjẹ ilé ìyá ẹni ni.

Àwọn Martha kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n dín ẹran kù, wọ́n gé ọ̀rá kúrò lára ẹran tó kù, wọ́n sì fi kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó àti lanttu, gbòǹgbò kan tí gbogbo oko ibẹ̀ ń gbìn, dípò ohun tí wọ́n yọ. Wọ́n dín iyọ̀ náà kù. Ìkòkò kan náà, ààrò kan náà, orúkọ kan náà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán kò ní í sọ pé oúnjẹ aláìsàn ni wọ́n gbé fún òun.

Ẹ fi èyí wé ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru níbí: má jẹ iyán mọ́, má jẹ àmàlà mọ́, má jẹ ẹ̀bà mọ́, lọ ra wíìtì. Ọkùnrin náà á ro wíìtì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń ṣẹ̀wọ̀n, àwọn ará ilé yòókù ń jẹ iyán lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n òkèlè, tàbí pé kí ẹ̀fọ́ rírò pọ̀ lórí àwo ju iyán lọ, tàbí pé kí gbogbo ilé jọ máa jẹ oúnjẹ kan. Kò pẹ́ kò jìnnà, yóò padà sídìí iyán rẹ̀. Àwọn Martha mọ̀ pé oúnjẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ nínú ilé, ìjìyà ni. Ilé lódindi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn àwọn Martha, Puska tún wá àwọn tí ará abúlé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn: ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, obìnrin tí gbogbo èèyàn ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ wọn ní ohun díẹ̀ tí wọ́n lè máa bá aládùúgbò wọn sọ, kò sì sọ wọ́n di oníwàásù.

Ṣọ́ọ̀bù, oko, àti àwọn oníbọ́tà

Ìyá tó fẹ́ dáná tó dára nílò ohun tó dára láti rà. Ibí ni iṣẹ́ náà ti kúrò ní ti ilé ìdáná nìkan tó sì di ọ̀ràn ìjà.

Wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́séèjì lágbègbè náà, torí sọ́séèjì kì í wọ́n lórí tábìlì wọn. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti dín ọ̀rá àti iyọ̀ inú rẹ̀ kù, wọ́n sì fi olú, tó pọ̀ bí nǹkan míì nínú igbó Karelia, kún àyè tí ọ̀rá fi sílẹ̀. Wọ́n bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀ bákan náà.

Àwọn oníbọ́tà ni kò rọrùn. Àgbẹ̀ màlúù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó ní kí wọ́n má jẹ bọ́tà ń sọ pé kí wọ́n má ta ọjà ara wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò mílíìkì bá Puska fà á nínú ìwé ìròyìn. Èmi kò rí ẹ̀bi tó pọ̀ níbẹ̀: owó ilé ìwé ọmọ wọn wà nínú bọ́tà yẹn. Ohun tó sàn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kò fi àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù lásán. Láti àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti gbin bẹ́rì, àwọn èso wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń so dáadáa nínú òtútù ibẹ̀, kí wọ́n sì rí wọn tà, tútù tàbí dídì. Ọmọ ilẹ̀ ni bẹ́rì. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò jẹ oúnjẹ àjèjì, àgbẹ̀ sì ń rí owó níbẹ̀.

Ti òróró náà rí bẹ́ẹ̀. Ólífì kò lè hù ní Fínláǹdì, ta ni yóò sì máa ra òróró òkèèrè lójoojúmọ́? Ṣùgbọ́n ìrúgbìn rapeseed ń ṣe dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì rí irú rẹ̀ tó bá ojú ọjọ́ wọn mu. Nígbà tí òróró rapeseed ilẹ̀ wọn dé ọjà ní ọ̀pọ̀ yanturu, òróró kò tún jẹ́ nǹkan àjèjì mọ́. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ náà kún ṣọ́ọ̀bù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iye àwọn tó ń fi bọ́tà sórí búrẹ́dì ń dín kù títí wọ́n fi di ìwọ̀nba díẹ̀, ìdajì àwọn ará ibẹ̀ tàbí súnmọ́ ọn sì wá ń fi òróró dáná.

Iyọ̀ gba wọn lákòókò jù. Ní àwọn ọdún 1970, iyọ̀ tí ará Fínláǹdì kan ń jẹ lójúmọ́ lè tó gíráàmù 13, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lónìí ní kó má pé 5. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ti inú ṣíbí ìyá ìdáná wá, inú búrẹ́dì, sọ́séèjì àti wàràkàṣì ló wà. Ní 1993, ìjọba fi òfin de àwọn ilé iṣẹ́ pé oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ gbọ́dọ̀ ní ìkìlọ̀ lára páálí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yáa dín iyọ̀ kù dípò kí wọ́n gbé ìkìlọ̀ sára ọjà wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, magí ni màá kọ́kọ́ wò. Iyọ̀ ló gba ìdajì rẹ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá tó ti rún magí mẹ́ta sínú ọbẹ̀ yóò ṣì bu iyọ̀ sí i lọ́tọ̀, kò sì ní í ka magí mọ́ iyọ̀ tó lò.

Wọ́n tún gbé e lọ sórí tẹlifíṣàn láti ìparí àwọn ọdún 1970, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń wo àwọn èèyàn gidi bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú sìgá tàbí láti yí oúnjẹ wọn padà. Lẹ́yìn náà ni ìdíje dé láàárín àwọn abúlé: abúlé tí cholesterol rẹ̀ bá sọ̀ jù láàárín àkókò kan ni yóò gba ẹ̀bùn. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí o bá mọ̀ pé bọ́tà rẹ lè mú abúlé rẹ pàdánù sí ti ẹ̀gbẹ́ yín, kì í ṣe dókítà nìkan ló ń ṣọ́ ọ mọ́.

Ohun tí àyẹ̀wò sọ

Ní 2007, cholesterol àwọn ọkùnrin Àríwá Karelia ti sọ̀ láti 6.9 sí 5.4. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èyí tó wà lókè nínú nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń kọ, sọ̀ láti 149 sí 138. Àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá sọ̀ láti 52% sí 31%. Ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin ọlọ́dún 35 sí 64 sì ti dín kù ní 85% nígbà tó fi di 2006. Níbi tí nǹkan bí 690 ti ń kú, nǹkan bí 100 ló kù. Ìrọ̀rùn ńlá ni, ìwọ̀nba ni mo sì mọ ibòmíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ohun tó fà á. Kuopio, ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, bẹ̀rẹ̀ sí í sunwọ̀n bákan náà, nígbà tó sì yá, gbogbo Fínláǹdì tẹ̀ lé e. Àwọn kan wá ní, bó bá jẹ́ pé ibi tí a kò ti ṣe nǹkan kan náà ń yè, kí ni iṣẹ́ Puska ṣe? Àtakò tó ní orí ni. Lójú tèmi, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ìròyìn ṣe ń rìn: ará Kuopio ń ka ìwé ìròyìn kan náà, ó ń wo tẹlifíṣàn kan náà, ilé iṣẹ́ tó yí sọ́séèjì àti mílíìkì rẹ̀ padà kò sì yí i padà fún Karelia nìkan. Láti 1977 ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ti ìpínlẹ̀ kan tó sì di ti orílẹ̀-èdè. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ náà ní ìpín tiwọn, àgàgà lẹ́yìn àárín àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí i pé cholesterol, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù, cholesterol ló sì ṣíwájú, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú ìkòkò àti lórí búrẹ́dì.

Ní 1997 ni wọ́n parí iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìpínlẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Puska lọ ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì tún padà wá ṣe olórí ilé iṣẹ́ ìlera gbogbogbòò ní Fínláǹdì.

Nǹkan kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní 2012, cholesterol àwọn ará Fínláǹdì ti gbéra sókè díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Lásìkò yẹn, àṣà dídín oúnjẹ oníṣítáàṣì kù ti gbòde, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti padà sídìí bọ́tà. Àwọn èèyàn tún ti sanra ju ti 1972 lọ, torí iṣẹ́ igbó ti di ti ẹ̀rọ, wọ́n sì ń jókòó pẹ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ti dín kù púpọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ju gíráàmù 5 lọ. Bí a bá sì fi ìlà-oòrùn Fínláǹdì wé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ lónìí, àrùn ọkàn ṣì pọ̀ sí i lápá Karelia.